Pèrègún Mẹ́ta Nínú Igbó Páìnì

Mo rántí òórùn igbó páìnì yẹn dáadáa. Lẹ́bàá Ẹgbẹ́dá ni, lórí ilẹ̀ tí kòkó wa wà tẹ́lẹ̀ kí àrùn tó mú un, tí wọ́n sì gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. Ìjọba wá gbin páìnì síbẹ̀, igi òyìnbó tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Kì í so ohun tí èèyàn lè jẹ, ewé rẹ̀ ò sì ṣe é pọ́n ẹ̀kọ, àmọ́ ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Èmi ọ̀mọ̀wé, tí mo ka ìwé mẹ́fà yanjú, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹ wá wo ṣòkòtò kákí iṣẹ́ mi tó gan bíi pákó! Mo máa ń rò pé àwọn igi náà ń kí mi ni.

Lọ́dún kan, ọ̀gá ọ̀dọ́ kan láti iléeṣẹ́ igbó ti Ìbàdàn wá, ó ní ìjọba yóò dá ilẹ̀ etí odò inú igbó náà padà fún ìdílé tó bá lè fi ààlà rẹ̀ hàn. Inú bàbá mi dùn débi pé wọ́n wọ agbádá lọ sóko. Pèrègún mẹ́ta ni bàbá tiwọn gbìn sí ààlà náà, gbogbo abúlé ló mọ̀. Èmi, bàbá àti ọ̀gá wọ inú igbó. Ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, ẹsẹ̀ wa ò dún. Bàbá lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ. Wọn ò rí pèrègún kankan.

Níbo ni wọn ì bá ti rí i? Èmi fúnra mi ni mo ní kí àwọn lébìrà hú gbogbo ohun tí kì í ṣe páìnì. Mo mọ pèrègún o, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí wọ́n fún mi kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ igi tí a ó dá sí, ta ni mí tí n ó bá ìwé jiyàn? Wọ́n tilẹ̀ yìn mí pé igbó mi mọ́.

Ọ̀gá bínú. Ó ní òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àmì ààlà, pé ẹni tó bá hú u yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wò mí. Bàbá mi pẹ̀lú wò mí. Mo ń gbọn ewé páìnì kúrò lára ṣòkòtò mi.

Bàbá bá yíjú sí i. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ara ti ń dàgbà. Bóyá kò tilẹ̀ sí pèrègún níbẹ̀ rí."

Bí ilẹ̀ ṣe lọ nìyẹn. Mo dúró lẹ́nu iṣẹ́ mi, wọ́n tiẹ̀ gbé mi ga sí i. Lọ́nà ilé, mò ń retí kí bàbá bú mi; òjò tó ṣú ni wọ́n ń sọ. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí wọ́n fi kú, ó sì ń dùn mí dòní. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí ìdí tí a ò fi ní ilẹ̀ lábúlé. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìjọba ló gbà á.