Ẹ̀gbọ́n Alámì Ọjà ní Sábó

“Ẹ jẹ́ ká bi télọ̀ ná.” Ohun tí ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ ní Sábó máa ń wí nìyẹn. Ìjọba kì í gba àmì tó bá jọ ti ẹlòmíràn, nítorí náà télọ̀ òdìkejì títì ló máa ń kọ́kọ́ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n gbé àmì ọṣẹ mi sókè kí télọ̀ lè rí i. Ọṣẹ tí mò ń ṣe yẹn nìkan niṣẹ́ tí mo rí lẹ́yìn ìwé mi.

“Àǹtí, kí lẹ rí?” ni ẹ̀gbọ́n bi télọ̀.

“Ọṣẹ tí mò ń rà ní Mushin ni!”

Ojú tì mí, inú bí mi, mo tún ń bínú pé mò ń bínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó na bírò sí mi. “Ya òmíràn fúnra ẹ.”

Mo ya ewúrẹ́ tó ń wẹ̀.

“Há! Ewúrẹ́ yìí ò rẹwà o,” ni télọ̀ pariwo, “ṣùgbọ́n mi ò rí irú ẹ̀ rí!”

Ẹ̀gbọ́n ti ń kọ “ewúrẹ́” sínú fọ́ọ̀mù.