Fìríìjì Akápò

Òórùn rọ́bà tuntun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìwọ náà mọ ooru oṣù kẹrin ní Sabon Gari wa ní àríwá níhìn-ín. Bí akápò ẹgbẹ́ akọrin wa bá ti ṣí fìríìjì rẹ̀, òórùn yẹn á sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá mi, nítorí pé ilé kan náà la jọ háyà, yàrá wa sì kọjú síra. Káàdì tí báńkì fi ń yáni lówó ló fi rà á. Èmi tí mo ti kọ ìròyìn fún ogún ọdún, omi inú ike ni mò ń mu. "Akọ̀ròyìn, wá mu omi èèyàn!" ni yóò máa ké, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọmọ mi á ti gbé ife: "Baba, ruwan sanyi!" Á sì sáré lọ gba omi tútù náà. Ìyàwó mi á ní, "Ṣé báńkì ò mọ ilé tiwa ni?" Èmi á tún yíjú sí ike omi mi.

Nígbà tó yá, ọjà ò tà mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì rí owó káàdì san. Báńkì ń pè é, kò gbé e. Ó wí fún mi pé, "Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Àkáǹtì mi lọ́dọ̀ wọn ti gbẹ." Mo mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Mo ti kọ ọ́ rí nínú ìwé ìròyìn pé BVN, nọ́ńbà tó so gbogbo àkáǹtì èèyàn pọ̀, ni wọ́n máa ń fi wá àkáǹtì onígbèsè kàn ní báńkì mìíràn, tí wọn á sì yọ owó wọn níbẹ̀. Mo tún mọ̀ pé owó kíbọ́ọ̀dù tí ẹgbẹ́ dá wà ní báńkì kejì, lórúkọ òun fúnra rẹ̀, torí pé wàhálà ìwé kò jẹ́ ká ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá ná mi láti kìlọ̀ fún un. Mo wo fìríìjì yẹn, mo ní, "Bóyá wọn ò ní ṣe nǹkan kan."

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, alága ẹgbẹ́ wa bi í lójú gbogbo wa pé, "Akápò, owó kíbọ́ọ̀dù dà?"

"Báńkì ló yọ ọ́, sà, nítorí gbèsè mi."

"Báńkì tó o jẹ lówó kọ́ la kówó sí!" Ìyá kan nínú wa tí wọ́n bí sí Fagge, àdúgbò tó múlé gbè wá, ló dìde sọ bẹ́ẹ̀. "Olè! Barawo! Èdè wo lo fẹ́ gbọ́?"

Akápò yíjú sí mi. "Akọ̀ròyìn, bá mi sọ fún wọn. Ìwọ lo mọ òfin."

Mo sọ fún wọn pé òótọ́ ni, báńkì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Alága wò mí títí. "O mọ̀? Láti ìgbà wo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé orin ọwọ́ mi. Akápò náà ń wò mí, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

Ó ta fìríìjì náà kó lè dá owó ẹgbẹ́ padà. Èmi ni mo rà á, ní ìdajì owó. Ó bá mi gbé e sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní báyìí, ọmọ mi ni mo máa ń fi omi tútù rán sí i. Ife náà á padà wá, ó kún bó ṣe lọ. Ìgbà yẹn ni mo wá ṣírò rẹ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí fìríìjì yẹn fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò mu omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìpè mí.