Ìlànà Ara Ògiri Wa àti Ìgò Kẹrosíìnì Mi

Ìwé tí mo kà kò ju pírámárì mẹ́rin lọ, mi ò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ yí gbogbo Ìkìrun po, ẹ wọ ilé tí wọ́n ti ń bá ìyá ọmọ tọ́jú ọmọ, kí ẹ bi wọ́n pé bí aburú bá ṣẹlẹ̀ lójijì, ta ni yóò ṣe kí ni? Wọ́n á máa wo ojú ara wọn ni. Ní ilé tèmi, ara ògiri ló wà. Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀dà funfun kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ti ilé ẹjọ́ lọ.

Ìyàwó mi ló ń tọ́jú àwọn ọmọ náà. Àwọn ìyá tí ń ná ọjà Inísà àti Òkukù máa ń gbé wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì. Èmi, mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí, ẹ̀yìnkùlé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ́ńjìnnì tí mo bá ní kò ṣeé tún ṣe, kí ẹni tó ni ín lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin.

Òkukù ni mo ti rí ohun tó mú mi kọ ìlànà yẹn. Ọmọ kan já bọ́ lórí fẹ́ǹsì ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ, lójú mi. Gbogbo àgbà ilé náà gbé e, wọ́n sáré jáde, ẹnì kan ò ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ yòókù wá ń tẹ̀ lé wọn lọ sójú títì. Èmi ni mo na apá méjèèjì, tí mo ń dá wọn padà bí ẹni ń da àgùntàn, títí ẹnì kan fi rántí wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ọ́ sógiri pé ẹnì kan ni yóò gbé ọmọ lọ ọsibítù, ẹnì kan yóò dúró ti àwọn tó kù. Mo kọ ọ́ pé a ò ní fi ohunkóhun sẹ́nu ọmọ tí nǹkan ṣe, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe àgbo, títí nọ́ọ̀sì yóò fi rí i. Mo sì kọ ọ́ pé a ó pe ìyá rẹ̀, a ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ti ìkẹyìn yìí ni ìyàwó mi bá mi jà lé lórí. Ó ní a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn lórí fóònù, “Ẹ máa bọ̀ nílé, àlàáfíà ni” là ń wí. Mo bi í pé ta ló gbọ́ irú àlàáfíà yẹn rí tí àyà rẹ̀ kò já?

Ó wá di ọjọ́ kan, mo gbé kẹrosíìnì nínú ìgò mọ́ọ̀tì tí a ti mu tán wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti fi fọ kabúrétọ̀ ọ̀kadà kan. Fóònù mi dún nínú yàrá, mo wọlé lọ gbé e. Ikọ́ ọmọ ni mo gbọ́. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja, obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Òkukù, ló di ìgò náà mú, òórùn rẹ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà kò tí ì pé ọdún méjì.

Ìyàwó mi pariwo. Kí n tó gbé ọmọ, ìyá àgbà tó múlé tì wá ti dé pẹ̀lú epo pupa nínú abọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé tiwọn nìyẹn.

“Rọ ọ́ sí i lẹ́nu, kó lè bì í.”

Mo fi ara mi dí i. “Ẹ má bínú, Ìyá. A kì í fi nǹkan sẹ́nu ọmọ nínú ilé yìí.”

“Ìwọ tí o kò ka ìwé mẹ́fà tán, ìgbà wo lo di dókítà?”

“Èmi kọ́, Ìyá. Ògiri ló wí bẹ́ẹ̀.”

Ìyàwó mi dúró ti àwọn ọmọ yòókù bó tilẹ̀ ń sunkún. Mo gbé ọmọ, mo jókòó sẹ́yìn oníbàárà mi kan tó wá gba ọ̀kadà rẹ̀ tí mo ti tún ṣe, ó di ọsibítù. Bí nọ́ọ̀sì ṣe gba ọmọ lọ́wọ́ mi ni mo pe ìyá rẹ̀. Kí n má parọ́, “àlàáfíà ni” ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

“Ìyá Ẹlẹ́ja, ọmọ rẹ mu kẹrosíìnì. Ó ń mí, nọ́ọ̀sì ti gbà á. Ìgò mi ni.”

Ó ní òun ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá a fún un lépo. Mo ní rárá. Ó ní a ṣe é re, pé bó bá bì í, kẹrosíìnì náà lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Inú mi dùn débi pé mo wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹlòmíràn gbọ́. Ìyá ọmọ náà ti dé, ó sì gbọ́, ṣùgbọ́n kò kí mi. Èmi tí wọ́n ń kí láti Ìkìrun dé Inísà! Wọ́n ní ọmọ yóò sùn síbẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di ìrọ̀lẹ́ kí ìyá ọmọ tó bá mi sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìgò yín ló fẹ́ pa á.”

Mo dìde, mo forí lé ilé.

Ara ọmọ yá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìyá rẹ̀ fi ń pọ̀n ọ́n lọ Òkukù. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún àwọn ìyá yòókù pé ìgò mi ni, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Mo kó gbogbo ohun olóró lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi àgádágodo sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ẹlẹ́ja yọ, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. A ní kó jókòó, kò jókòó. Ó wo abẹ́ ibùsùn, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wo ilé ìdáná. Gbogbo ìgò tó rí ló ṣí gbóòórùn rẹ̀, títí kan oyin tí àna mi fi ránṣẹ́ láti Inísà. Ó ní kí n wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí i. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tì í padà, ó fa àgádágodo náà wò lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ló tú ọ̀já. Ọmọ sáré lọ bá ìyàwó mi. Ìyá rẹ̀ ní kò mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán o, ó gbé igbá ẹja rẹ̀ rù, ó sì mú ọ̀nà ibùdókọ̀ pọ̀n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó títí bọ́ọ̀sì Òkukù fi gbé e. Kò bojú wẹ̀yìn.