Eégbọn Kan Lórí Àga Pálọ̀

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iná ìṣáná ni wọ́n fi ń yọ eégbọn lára ajá, ẹ má dá a lóhùn. Iná á jó ajá, eégbọn á sì pọ gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran náà kó tó já. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ da kẹrosíìnì lé e lórí níbi tó ti ń mu ẹ̀jẹ̀, pé yóò já fúnra rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀mú kékeré lẹ máa mú, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń tu irun ojú. Ẹ ó fi gbá a mú nídìí, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ ajá, ẹ ó sì fà á tààrà, láìlọ́ ọ, láìkánjú. Ìgbà tó bá jáde tán ni kẹrosíìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Agolo mílíìkì kan ni èmi máa ń da kẹrosíìnì sí, inú rẹ̀ ni mo máa ń sọ wọ́n sí kí wọ́n kú síbẹ̀.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àràárọ̀ Sátidé ni mo ń ṣe é fún ọdún púpọ̀, lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Kado ní Àbújá, èmi àti ọmọ mi obìnrin. Èmi ni mò ń fi ẹ̀mú yọ ọ́, òun ló ń gbá etí ajá mú, òun náà ló ń di agolo mú. Ọmọ yìí ló mú ajá ọ̀hún wọlé nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Inú báàgì ìwé rẹ̀ ló gbé e sí, ó ní, "Daddy, please, èmi ni mo máa take care of him, I promise." Ẹ̀yin náà mọ irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Kí oṣù tó yí po, èmi ni mò ń fún ajá lóúnjẹ. Kí ọdún tó yí po, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sí ẹlòmíràn tí ajá náà ń sáré pàdé ní géètì àfi èmi. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan dúró, ìkejì wó sílẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò fẹ́ dá sí i.

Ìyàwó mi kò fẹ́ ajá náà. Kì í ṣe ìkà, eégbọn ló ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Èkìtì, eégbọn kan wọ̀ ọ́ létí, ojú rẹ̀ rí màbo kí wọ́n tó rí i yọ. Títí dòní, bó bá rí hóró ìbẹ́pẹ lórí tábìlì, á kọ́kọ́ fò sẹ́yìn ná.

Ìjà wa lórí ajá yìí le débi pé a gbé e lọ bá bàbá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá. Bàbá kọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Eégbọn so mọ́ ayìnrín lẹ́nu, ẹ ní kí adìẹ wá ṣá a jẹ," ni wọ́n wí. "Ṣé adìẹ ò mọ̀ pé oúnjẹ ayìnrín lòun ni? Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, kí n wá ki ẹnu bọ̀ ọ́?"

Ìyàwó mi kò dìde lórí ìjókòó. Nígbà tí bàbá rí i pé a kò ní lọ, wọ́n dá ẹjọ́. Wọ́n ní kí ajá máa gbé ẹ̀yìnkùlé, kó má dé pálọ̀. Ọjọ́ tí a bá rí eégbọn, ì báà ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, nínú pálọ̀, ọjọ́ náà ni ajá ń lọ, kò sí àwíjàre. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé o gbà?" Mo ní mo gbà, sà. Ìyàwó mi náà gbà. Ọmọ wa wà níbẹ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni èmi àti eégbọn ti di ọ̀tá ara wa. Dókítà ẹran tó ń tọ́jú ajá mi ti kìlọ̀ fún mi pé èyí tí èèyàn ń rí lára ajá kò tó nǹkan, àwọn tó kù wà nínú koríko àti nínú ihò ara ògiri, wọ́n ń yé ẹyin, wọ́n ń dúró dè é. Mo gé koríko ẹ̀yìnkùlé mọ́lẹ̀ bí irun orí ọmọ ilé ìwé. Mo fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò ara ògiri. Aṣọ tí ajá ń sùn lé, omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Mo ń fi ọṣẹ eégbọn wẹ̀ ẹ́, oògùn tí dókítà ní kó máa lò, n kì í jẹ́ kó pẹ́ kọjá àkókò, pàápàá bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó wọ pálọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń bọ́ aṣọ. Aládùúgbò wa kan máa ń pariwo láti ojú fèrèsé pé ṣé mo ti tún fẹ́ wẹ̀ bí ọkọ ìyàwó ni. Mo máa ń ní kó lọ tọ́jú ewúrẹ́ rẹ̀. Gbogbo wàhálà yìí kò sú mi, nítorí mo mọ ohun tí n óò pàdánù bí mo bá ṣe àìbìkítà.

Ọmọ mi jáde yunifásítì, ó ríṣẹ́ sí báńkì, ó sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ dáadáa ni ọmọkùnrin náà, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ń kọ́ ilé sí Kabusa. Lọ́jọ́ kan tó wá kí wa, ó dúró lẹ́yìnkùlé, ó ń wo ajá mi, ó ní àwọn olè kò jẹ́ kí irin àti wáyà òun gbádùn, irú ajá yìí gan-an lòun ń wá.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, o ti fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Fi ajá sílẹ̀ fún mi." Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìyẹn, bàbá alága tẹ̀lé wa dé ilé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi ní kí òun gbọn tìmùtìmù àga kí bàbá tó jókòó, bó ṣe figbe ta nìyẹn. Orí àga tí èmi fúnra mi máa ń jókòó sí ni eégbọn náà wà. Ó fi tíṣù funfun gbé e, ó gbé e wá síwájú wa. Eégbọn tó yó ni, ó ti ká gbogbo ẹsẹ̀ jọ sábẹ́ ikùn. Mo tẹ̀ ba láti wò ó, imú mi sì gbọ́ òórùn kẹrosíìnì.

Ohun tí mo rò kò ju pé ọwọ́ mi ló ń rùn. Àná rẹ̀ ṣáà ni Sátidé. Bóyá ó há sí ṣòkòtò mi ni, bóyá n kò bọ́ aṣọ dáadáa. Orí ara mi ni mo di ẹ̀bi náà lé. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ilẹ̀. Mo rò pé àánú ajá ló ń ṣe é.

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń wò mí. Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ní ajá á lọ.

Bí mo ṣe ní ajá á lọ ni ọmọ mi ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ní obìnrin kan wà ní báńkì àwọn, ilé rẹ̀ wà ní Ushafa, ọgbà rẹ̀ tóbi, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn ajá. Ó ní òun á fi ọkọ̀ òun gbé e lọ, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo di oògùn ajá sínú ọ̀rá, mo fi ẹ̀mú sí i, mo sì gbé àwo amọ̀ tó fi ń mu omi lé e. Ushafa gan-an ni mo ti ra àwo yẹn lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò, mo tiẹ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé àwo ń padà sílé. Ajá kò kọ́kọ́ fẹ́ wọ ọkọ̀. Ọmọ mi fi ọwọ́ lu ìjókòó, ó pè é, ó sì wọlé, nítorí ohùn ẹni tó mọ̀ ló gbọ́.

Bí mo bá béèrè ajá lọ́wọ́ ọmọ mi, á ní, "He's fine, Daddy. They love him." Bí mo bá ní kó fi fọ́tò hàn mí, á ní obìnrin náà ti lọ lífù lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó mi kò tún dá orúkọ ajá, ṣùgbọ́n mo rí i tó ṣa egungun ẹran jọ sínú abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, tó dìde, tó tún padà jókòó. Ó ní ilé yìí ti dákẹ́ jù.

Ẹ̀kọ́ ilé ló tú àṣírí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá kí wa lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì tètè dìde.

"Ẹ ṣeun ẹ̀bùn ìjọsí, sà," ló wí. "Ó yẹ kí n ti wá dúpẹ́ tipẹ́, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Àwọn òbí mi náà ní kí n bá àwọn dúpẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀bùn wo?"

"Ajá yẹn, sà. Látìgbà tí ẹ ti ní kí ọmọ yín mú un wá fún mi ní Kabusa, wọn ò jí nǹkan kan mọ́."

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Ọmọ mi ń gbé omi tútù bọ̀ láti ilé ìdáná, ó dúró sójú kan pẹ̀lú tírè lọ́wọ́. Ìgbà náà ni òórùn kẹrosíìnì ọjọ́ yẹn padà sí mi nímú. Ìyàwó mi kò mọ ibi tí mò ń gbé agolo sí, kì í tiẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Èèyàn méjì ló mọ̀ ọ́n nílé yìí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ọmọ mi mú òkú eégbọn nínú agolo tó máa ń bá mi dì mú, ó gbé e sórí àga mi, ó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kó ìpayà, ó jẹ́ kí n tẹ́ níwájú àgbà, ó wá fi ajá mi ṣe ẹ̀bùn fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lórúkọ mi.

Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo ní kí ọmọkùnrin náà máa júwe ọ̀nà.

Wọ́n so ajá mi mọ́ òpó kan nínú ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán. Àwo Ushafa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku sìmẹ́ńtì ló kún inú rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn mi, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbé e, ó kàn ń fi ìrù gbá ilẹ̀. Eégbọn tò sí etí rẹ̀ bí hóró àgbàdo. Mo ṣí ẹnu rẹ̀, èrìgì rẹ̀ ti funfun.

Mọ́gádì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sún mọ́ wa. "Sànnu, Bàbá. This dog no dey chop again o."

Ọmọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Sà, mi ò mọ nǹkan kan nípa eégbọn. Ó ní ẹ ti tọ́jú ẹ̀ tán. Kò kó oògùn kankan wá."

Mo gbà á gbọ́: ọ̀rá oògùn tí mo dì fún ajá kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbé ajá sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ó ní àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ká máa gbàdúrà, ká sì máa yọ èyí tó kù lára rẹ̀.

Ìyàwó mi ló ṣí géètì fún wa. Ẹjọ́ bàbá ṣì dúró, bó bá ní kí ajá má wọlé, n kò ní ẹnu láti fi bá a jà. Ó yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ gbé e wọlé," ló wí. "Kí lẹ tún ń dúró wò?"

Ọmọ mi kúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé. "Daddy, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé tí mo bá béèrè, ẹ ò ní gbà."

"Ṣé o béèrè? Àfẹ́sọ́nà rẹ béèrè. Ìwọ ò béèrè."

Bóyá ǹ bá kọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ǹ bá mọ ẹni tí mò ń kọ̀ fún. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu, ó sì ń wò mí nígbà tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní purọ́, ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ fún un lọ.

Mo mú ẹ̀mú tí dókítà fún mi, mo jókòó sórí àpótí, mo tẹ́ ajá síwájú mi. Ọmọ mi dìde, ó lọ bu kẹrosíìnì tuntun sí agolo, ó wá lóṣòó síbi tó máa ń lóṣòó sí, ó sì na ọwọ́ sí etí ajá. Mo gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó máa lọ sínú ilé.

Kò rọrùn fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí mo bá di etí mú, agolo á fẹ́ dà nù, bí mo bá gbé agolo, ajá á fa etí rẹ̀ gbà. Eégbọn kan bọ́ sílẹ̀, mo ń wá a kiri nínú iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyàwó mi ló dúró síwájú mi, ó ti fi gèlè di etí rẹ̀ méjèèjì pinpin. Ó lóṣòó, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì di etí ajá mú.

"Ẹ gbé agolo yẹn wá," ló wí.

Mo gbé e fún un. Mo fa eégbọn kìíní, mo sọ ọ́ sínú rẹ̀, gbogbo ara ìyàwó mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò.