Etí Ilẹ̀ Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe géèmù tà ní Èkó wá sílé mi ní Ṣàpọ́n kí n bá a dán ọ̀kan wò. Ó pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì fún wa. Nígbà tí mo dé etí ilẹ̀ inú rẹ̀, mo yí padà bí ẹni tó dé ìdí pèrègún ààlà oko.

Ó ní, "Màmá, ẹ máa lọ. Kò sóko ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Mo lọ. Kámẹ́rà tèmi, ìyẹn ojú tí mo fi ń wo inú géèmù, kọjá ààlà, apá tèmi sì ṣókùnkùn. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta tún un ṣe.

"Ṣé kámẹ́rà ti ń dúró létí ilẹ̀ báyìí?" ló bi mí.

Ká ní mo parọ́ pé rárá ni, ì bá sun ọjọ́ kan sí i níbí. Mo ní ó ń dúró, ó sì padà sí Èkó. Géèmù náà wà lọ́dọ̀ mi, àmọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, ojú tẹlifíṣọ̀n kì í pín.