Ọjọ́ Tí Bàbá Gàárì Di Ọ̀gá Ní Gàárì

Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá Gàárì tí kò ní kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ tó di ọ̀gá ilé ẹṣin ní gàárì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wà níbẹ̀. Ó ní ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà ni, òun ìbá fi orí wọ inú ẹ̀.

Iṣẹ́ Bàbá ni kó wo ẹ̀yìn ẹṣin, kó wo gàárì, kó sì rí i pé àwọn méjèèjì bára mu. Ọ̀gá ilé ẹṣin pè é nítorí abo ẹṣin aláwọ̀ eérú kan tó ń ju gbogbo ẹni tó bá gùn ún sílẹ̀.

"Ìwà ẹ̀ ló bà jẹ́," ni ọ̀gá wí. "Olóríkunkun ni. Ẹ bá mi wá ìjánu tó le fún un."

Bàbá ki ọwọ́ bọ abẹ́ gàárì, ó dijú, ó ń mirí. Ó tú gàárì náà sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ bá mi wo pátákò ẹsẹ̀ yìí."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gàárì ti wà lẹ́yìn ẹ̀, Bàbá ti so ó mọ́ ọn níkùn pinpin, ó sì ti jókòó lé e.

"Yéè! Ejìká mi o!"

"Ẹ ṣeun," ni Bàbá wí, kò sì dìde. "Ohun tí ẹṣin yìí ti ń sọ láti oṣù mẹ́ta nìyẹn."

Ọmọ ló sáré fa bàbá ẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tó kúnlẹ̀ sínú koríko. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Wọ́n tún gàárì ṣe, ẹṣin ò sì ju ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀, ọ̀gá búra pé Bàbá ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ọgbà òun mọ́ láéláé. Ọmọ nìkan ni kó máa wá.

Ẹ gbà mí, kí lèèyàn fẹ́ fi irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọjọ́ tí àfẹ́sọ́nà ọmọ yìí kọ́kọ́ wá kí i nílé, Bàbá ò béèrè orúkọ ẹ̀, kò béèrè iṣẹ́ ẹ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àtàǹpàkò tẹ ejìká ẹ̀. "Tòsì ga ju tọ̀tún lọ. Irú àpò wo lo máa ń gbé?" Ọmọkùnrin náà ò yọjú fún odidi oṣù kan. Ìgbà tó padà dé, ọwọ́ kejì ló fi gbé àpò. Òun lọkọ ẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá ń tẹnu mọ́. "Ẹ̀yìn kì í dúró sójú kan. Ó ń sanra, ó ń rù, ó ń darúgbó. Gàárì tó bá a mu lọ́dún yìí lè ṣe é léṣe lámọ́dún. Ẹ jẹ́ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò!" Nígbà tí àìsàn dá a wó, òun fúnra ẹ̀ ló ránṣẹ́ sí káfíńtà kó wá wọn òun fún pósí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún pè é padà.

"Ó ti fẹ̀ jù. Mo ti rù."

"Bàbá, ẹni tó bá kú kì í yíra padà mọ́."

"Ìwọ ti kú rí ni?"

Káfíńtà gé pósí kù. Ọmọ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Bàbá kú, kò pé oṣù méjì tí ọ̀gá ilé ẹṣin fi pe ọmọ. Abo ẹṣin yẹn ti tún bẹ̀rẹ̀, ó ti ju èèyàn mẹ́ta sílẹ̀. Ẹni tó ń ra ẹṣin fún pípa ti gbé ọkọ̀ dúró lẹ́nu géètì.

"Wá mú gàárì ẹ̀, kó o bá mi tà á," ni ọ̀gá wí.

Ọmọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹṣin, ẹṣin náà ta gìrì. Ẹran ara ẹ̀ ti fà, irun ti bó lejìká ẹ̀, gàárì sì ti ń jókòó lé egungun.

"Sà, kì í ṣe ìwà. Ó ń dùn ún ni."

"Ṣebí ẹ ti tún un ṣe!"

"Ó ti pé ọdún mẹ́rin, sà. Ọdọọdún ni mo ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti tà á."

Inú bí ọmọ gidi. Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló ti fi ń bẹ àwọn èèyàn. Ó wo gàárì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọ̀gá. Ọ̀gá rí ibi tójú ẹ̀ lọ, ló bá fẹ̀yìn ti ògiri wàrà.

"Má dán an wò o!"

"N ò tíì ṣe nǹkan kan, sà." Ṣùgbọ́n kò gbé gàárì sílẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá lọ sí ejìká ara ẹ̀. "Ṣé ibi tó dùn mí lọ́jọ́ yẹn náà ni?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, sà."

Ọ̀gá wo ẹṣin náà títí. Ó wá nahùn sí ọkùnrin ẹnu géètì pé kó máa gbé ọkọ̀ ẹ̀ lọ.

Títí di ọ̀sán ni ọmọ fi ń tú irun àgùntàn tó ti lẹ̀ pọ̀ jáde nínú gàárì, tó ń ki tuntun sí i. Nígbà tó gbé e lé ẹṣin lẹ́yìn, ẹṣin náà rẹ orí sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ pa á lọ́rùn. "Má bínú," ló wí fún un. Ó yíjú sí ọmọ. "Ká ní bàbá ẹ wà níbí, ì bá tún ti gùn mí lónìí."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀bẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ó ti ń bẹ̀bẹ̀ kó tó ronú: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Bó ṣe..." Ẹni tó ń torí ẹ̀ bẹ̀bẹ̀ ò sí mọ́. Omijé dà sí i lójú.

"Mo mọ̀," ni ọ̀gá wí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."