Ilé Torvald, Ilé Zelenka

Ní káúńtì Tamsen, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé kì í jẹ́ orúkọ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó ti lọ ló ń jẹ́. Bí o bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wa, a ó ní kí o wakọ̀ títí dé ilé Amundsen, kí o yà sí apá òsì níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Jámánì wà tẹ́lẹ̀, kí o wá máa lọ títí dé ìdí igi ńlá tí àrá sán pa. Amundsen ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ti wó. Igi náà ńkọ́? A ti fi dáná. Àlejò á ṣìnà, a ó sì tún máa bínú sí i pé kò fetí sílẹ̀.

Ohun tó ń bí Ardith Zelenka nínú nìyẹn, ó sì ti ń bí i nínú fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tí òun àti Merle ọkọ rẹ̀ ra oko Nils Torvald, ará Norway kan tí afẹ́fẹ́ wa sú, tó ta gbogbo ohun tó ní, tó sì kọrí sí Oregon ní etí òkun. N kò dá a lẹ́bi. Afẹ́fẹ́ wa kì í sinmi, lọ́jọ́ tó bá sinmi, àwọn adìẹ tó ti fara tì í láti àárọ̀ á ṣubú lulẹ̀.

Ardith kun ilé náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó bí ọmọ mẹ́ta síbẹ̀. Òun ló gbin àwọn igi tó ń gba ìjì ní ìhà àríwá, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì fi garawa pọn omi fún wọn ní gbogbo ọdún tí ọ̀dá fi dá. Síbẹ̀ bó bá lọ ra oúnjẹ adìẹ, ohun tí ọlọ́jà máa kọ sára àpò ni, "Ardith, ilé Torvald." Nígbà tí iná jó àká koríko wọn, orúkọ Torvald ni ìwé ìròyìn gbé jáde. Torvald tó jókòó sí Oregon, tó ń jẹ ẹja! Ọ̀rọ̀ náà ká Ardith lára débi pé kò ra ìwé ìròyìn yẹn mọ́ fún ọdún méjì gbáko.

Merle ní tirẹ̀ kò bìkítà. Ó ní ilẹ̀ mọ ẹni tó ń ro òun. Ardith ní kí ilẹ̀ la ẹnu kó sọ ọ́ nígbà náà.

Ẹ má wò ó pé ìbínú nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe o. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn káúńtì wa bíi tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú ọkọ̀, tí ẹ ń ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ lè jẹ kólákì mẹ́rin tán, búrẹ́dì kékeré olóyin èso tí àwọn ìyá wa kó wá láti Bohemia, kí ẹ tó dé ààlà, ẹ kò sì ní pàdé ju ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Gbogbo awakọ̀ wọn á gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn láti kí yín. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, Ardith á máa sọ ìtàn. Àwọn Pawnee, onílẹ̀ àtètèkọ́ṣe, ló ń ṣọdẹ níbẹ̀ kí ìjọba tó kó wọn lọ sí gúúsù, orúkọ tí wọ́n fún odò wa ló sì ń jẹ́ títí di òní. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, a tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọdún eruku, nígbà tí ọ̀dá sọ oko di ìyẹ̀pẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé, lé ìdajì lọ. Katakata ńlá dé, ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá, àwọn ọmọ bá kàwé lọ sí ìlú ńlá Omaha, wọn kò padà. A wá ku mọ́kànlá lé lẹ́gbẹ̀ta. Ardith mọ̀ wá lórí ìka, bí ẹnì kan bá bímọ, òun ni yóò kọ́kọ́ ní a ti di méjìlá lé lẹ́gbẹ̀ta.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti obìnrin mẹ́ta mìíràn a máa jókòó sí yàrá ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀tù, níbi tí a ń kó ìwé àtijọ́ sí. Lavonne Eckhoff ni olórí wọn, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, tíṣà tó kọ́ gbogbo wa. Ọlọ́pàá wa gan-an a máa ṣí fìlà tó bá rí i. Nígbà tí àjọ̀dún àádọ́jọ ọdún káúńtì kù dẹ̀dẹ̀, Lavonne ní kí wọ́n fi àjákù aṣọ rán kúbùsù ńlá kan tí yóò jẹ́ àwòrán ilẹ̀ wa, igun kọ̀ọ̀kan dúró fún ilẹ̀ máìlì kan níbùú lóròó, kí wọ́n sì fi òwú kọ orúkọ gbogbo ilé sí i. Ọwọ́ Ardith ló mọ́ jù nínú wọn, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ orúkọ lé lọ́wọ́. Òfin kan ṣoṣo ni Lavonne fi lélẹ̀, pé orúkọ tí aráyé ń pe ilé ni kí wọ́n kọ.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọjọ́ kan pé, ó wá kan igun tirẹ̀.

"Torvald," ni Lavonne wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Lavonne, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ti wà nínú ilé yẹn o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ rẹ. Ilé Torvald ni wọ́n ti ń wá síléèwé."

Ardith gbé igun aṣọ náà lọ sílé, ó fi òwú pupa kọ ZELENKA sí i gàdàgbà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Lavonne fi awò sójú, ó mú àlùmọ́gàjí kékeré, ó tú orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́lẹ̀. Ardith tún kọ ọ́. Lavonne tún tú u. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ìgbà òtútù, àgbàlagbà méjì tó ń jẹ kólákì nínú abọ́ kan náà, tí wọ́n ń kí ara wọn dáadáa, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Nígbà tí aṣọ fẹ́ ya, Ardith ní òun kò kọ Torvald láyé òun. Lavonne ní kó ṣófo, nígbà náà. Ó sì ṣófo.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílé ju ti aṣọ lọ. Ìgbáròkó Merle ti bàjẹ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun katakata mọ́, kò sì gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn. Ilé kékeré kan ṣófo ní àárín ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká ọkà gíga, kò ní àtẹ̀gùn kankan. Ẹni tó fẹ́ ra oko wọn sì wà: Benicio Ocampo, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sìn màlúù, àti Yaretzi ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ní, ìkẹrin wà nínú, inú yàrá méjì ni gbogbo wọn há sí. Ọmọ méjìdínlógójì péré ló kù nílé ìwé wa. Nígbà tí a gbọ́ pé ẹbí Ocampo ń wá ilẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbààwẹ̀.

Ardith kọ̀ jálẹ̀. Ó sọ pé òrùlé ń jò. Ó sọ pé kànga ti fẹ́ gbẹ. Irọ́ ni méjèèjì, gbogbo wa la sì mọ̀. Merle nìkan ló sọ òótọ́ fún, nígbà tí wọ́n ń mu kọfí ní ìdí fèrèsé.

"Bí a bá jáde lónìí, Merle, ilé Torvald la jáde nínú ẹ̀. Á dà bí ẹni pé a ò gbé ibẹ̀ rí. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rò pé Torvald ló kàn tà á fún wọn."

Merle mu kọfí rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ardith, mi ò lè gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́."

Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọkùnrin náà ti ń sùn lórí àga ní pálọ̀, ó ń sọ pé ibẹ̀ ló móoru jù. Ojú ti Ardith, ojú tì í gan-an ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Yaretzi wá wo ilé, oyún ti yọ síwájú. Kò béèrè òrùlé, kò béèrè kànga. Ó kọjá lọ sí ìhà àríwá, ó dúró láàárín àwọn igi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Doña Ardith, ta ló gbin àwọn igi yìí?" ló bi í, ó fi èdè Sípéènì bu ọlá àgbà fún un.

Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò sẹ́ni tó béèrè rí. "Èmi ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Garawa lọ́wọ́."

Yaretzi fi ọwọ́ kan èèpo igi kan, ó ní òun máa sọ fún àwọn ọmọ òun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ardith ti gbà láti tà á. Bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù jáde ní oṣù kẹrin, ó sunkún láti ẹnu ọ̀nà títí dé títì ọlọ́dà, Merle sì ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ kó lè sun ún dọ́ba. Ilé tí wọ́n kó lọ nínú ìlú ńkọ́? Ilé Hinrichs ni. Hinrichs ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ardith ní kí wọ́n ṣáà máa bá a lọ.

Àjọ̀dún bọ́ sí oṣù keje, oòrùn mú, inú gbogbo wa sì ń dùn. Àwọn ọmọ tó ti lọ sí Omaha padà wá, a tó ẹgbẹ̀rún kan lójú pópó, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ohun tí a ó fi ara wa ṣe. Katakata àtijọ́ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹgbẹ́ onífèrè iléèwé ń fọn tiwọn, ó dùn, kò dùn, a pàtẹ́wọ́. Wọ́n tẹ́ kúbùsù náà sórí tábìlì gígùn níwájú kọ́ọ̀tù, láti gbé e kọ́ sára ògiri lọ́sàn-án. Gbogbo ènìyàn ń fìka wá ilé wọn. Ardith jókòó sí òdìkejì pópó pẹ̀lú Merle, kò sún mọ́ ibẹ̀. Ó mọ igun tó ṣófo.

Àwọn onífèrè ṣì ń fọn nígbà tí Corwin, igbákejì ọlọ́pàá wa, já makirofóònù gbà lọ́wọ́ olóòtú.

"Ẹ dákun, ẹ̀yin èèyàn wa. Màlúù ti já o. Wọ́n tó ogójì. Wọ́n ti bọ́ sójú títì níwájú ilé Zelenka."

Kò sẹ́ni tó béèrè pé níbo. Àwọn ọkùnrin dìde, àwọn obìnrin dìde, katakata mẹ́ta yà kúrò lórí ìlà, ẹni tó ń lu ìlù ńlá sọ ọ́ kalẹ̀ ó sì bẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, gbogbo wọn bá forí lé ìhà àríwá. Benicio Ocampo ló ṣíwájú, ó ń sáré, ó ń bú ara rẹ̀. Ìkánjú àjọ̀dún kò jẹ́ kó ti géètì dáadáa.

Merle náà ti fi ọ̀pá dìde. "Ṣùgbọ́n a ò ní màlúù mọ́," ló ń wí.

"Ilé Zelenka wo?" ni Ardith wí. "Ṣé ti àbúrò ẹ ní káúńtì kejì ni?"

Ìgbà yẹn ló yé e: oko tí wọ́n tà fún Ocampo ni. Ó wo Merle. Merle wò ó. Ó jókòó padà sórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Merle rò pé ẹkún ni. Ẹkún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pọ̀ nínú ẹ̀ ju omijé lọ.

Nígbà tó ṣí ojú, Lavonne Eckhoff ló dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti àpò ìránṣọ.

"Ṣé o gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè é?"

"Mo gbọ́."

"Orúkọ tí aráyé ń pè é ni kí a kọ. Mi ò yí òfin mi padà." Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú páálí kékeré kan jáde. Òwú pupa tó tú ní ìgbà òtútù ló ká sórí rẹ̀ rẹ́múrẹ́mú, ọ̀kan kò sọnù. "Gbà, kọ ọ́ fúnra rẹ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Ardith dìde, ó sọdá pópó. Ojú ihò abẹ́rẹ́ ti àtijọ́ ṣì wà lára aṣọ, kò wọn nǹkan kan, inú wọn ló ń gbà padà. Àwọn tí kò bá màlúù lọ pé lé e lórí, wọ́n ń wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde. Ẹnì kan fún un ní ìjókòó, ẹnì kan gbé páì rúbábù, àkàrà òyìnbó aládùn, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Merle dúró tì í, ó di igun aṣọ mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e.

Ó kù lẹ́tà kan nígbà tí àwọn tó lé màlúù dé, eruku bò wọ́n, wọ́n ń pariwo. Wọ́n ní ọkùnrin ogún sáré títí, wọn kò rí ọ̀kan mú, àfìgbà tí Yaretzi mi àgbàdo nínú garawa ní ẹnu géètì, tí gbogbo màlúù sì tẹ̀ lé e wọlé bí ọmọ iléèwé. Yaretzi fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn wọn, ọmọ tuntun wà láyà rẹ̀, ẹni kejìlá lé lẹ́gbẹ̀ta wa. Ó bẹ̀rẹ̀ wo aṣọ náà, ó kà á, ó sì fajú ro.

"Doña Ardith, ẹ wò ó, àwa là ń gbé ibẹ̀ báyìí o. Ìgbà wo ni wọ́n máa wá pè é ní ilé Ocampo?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ardith kò rẹ́rìn-ín. Ó so òwú náà ní kókó, ó fi eyín gé e, ó sì na ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ tuntun náà.

"Ọmọ mi," ló wí, "kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n wà láyé lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bá kó lọ, tí wọ́n wá pè é bẹ́ẹ̀."